Ọmọ tí Kọ̀ǹpútà Ní Kò Wọlé Rí

Ó ti tó oṣù kan àbọ̀ báyìí tí ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, tí mi ò sì rí ẹni sọ ọ́ fún nínú yàrá àwa tíṣà. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, lẹ́tà márùn-ún péré: "Never". Iwájú orúkọ ọmọbìnrin kan ní SS2 ni mo ti rí i, lórí àtẹ tí èmi fúnra mi ṣètò, nínú sọ́fítíwíà tí èmi fúnra mi bẹ ọ̀gá ilé-ìwé wa títí tí wọ́n fi gbà pé ká máa lò. Ohun tó ń sọ ni pé ọmọ náà kò wọlé sínú ètò ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà náà rí. Kì í ṣe pé ó pẹ́ tó ti wọlé o. Kò tilẹ̀ yọjú síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo gbà á gbọ́. Kí ló máa mú mi má gbà á gbọ́? Kọ̀ǹpútà kì í kúkú bá ọmọ ṣọ̀tá.

Báyọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ wọn, ní ilé-ìwé girama aládàáni kan n'Ìbàdàn. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò yìí, èmi ni mo jẹ̀bi níbi tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Aago Los Angeles

Moodle ni a mú, sọ́fítíwíà tí tíṣà fi ń gbé nóòtì àti ẹ̀kọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ. Ọ̀fẹ́ ni, ìyẹn ló kọ́kọ́ dùn mọ́ ọ̀gá wa nínú, àfi owó sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ètò náà ń gbé inú rẹ̀, tí a ń san lọ́dọọdún. Martin Dougiamas, ará Ọsirélíà tó dá a sílẹ̀, gbé ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 2002. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wà lọ́mọdé, inú aginjù ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà ni wọ́n ń gbé, ilé-ìwé jìnnà sí wọn, orí rédíò ló ti ń gbọ́ ẹ̀kọ́. Tíṣà rẹ̀ ń gbọ́ ohùn rẹ̀, kò rí ojú rẹ̀. Mo máa ń rántí ìyẹn nígbà tí mo bá jókòó síwájú àtẹ yìí.

Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí, ibi kéékèèké ni yóò ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kọ. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, nínú oṣù Kẹwàá, mo ṣí àkọsílẹ̀ tí ètò náà ń pè ní "logs", níbi tó ti ń kọ ẹni tó wọlé, ohun tó tẹ̀ àti aago tó tẹ̀ ẹ́. Mo rí i pé àwọn ọmọ mi ń ka nóòtì tí mo kọ nípa sẹ́ẹ̀lì ní aago mọ́kànlá àárọ̀. Aago mọ́kànlá kẹ̀! Ìgbà tí wọ́n jókòó síwájú mi gan-an, tí òfin sì ní fóònù kankan ò gbọdọ̀ wọ gééti ilé-ìwé wa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo abẹ́ déèsìkì. Mo pe àwọn ọmọ ìjókòó ẹ̀yìn, mo tú báàgì wọn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju bisikíìtì lọ.

Àṣé aago Los Angeles ni sáfà tí a háyà ń tẹ̀ lé. Lásìkò yẹn, wákàtí mẹ́jọ ni ibẹ̀ fi wà lẹ́yìn wa. Aago méje alẹ́ ni àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń kàwé, nílé bàbá wọn, bóyá lẹ́yìn oúnjẹ. Ibi tí wọ́n ti ń yan aago nínú ètò náà, ìṣẹ́jú kan péré ni mo lò níbẹ̀ láti tún un ṣe. Ṣùgbọ́n mo ti fi ọjọ́ mẹ́rin fura sí ọmọ 31.

Ó yẹ kí ìyẹn ti kọ́ mi lọ́gbọ́n. Kò kọ́ mi. Ńṣe ni mo ní ó ti tán, mo ti tún aago ṣe, ohun yòówù tí àtẹ bá wí láti ìsinsìnyí lọ, òótọ́ ni.

Ohun tí ètò náà ń kà àti èyí tí kò kà

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tíṣà ti ń ṣì í gbọ́. A rò pé Moodle ń ka ìṣẹ́jú tí ọmọ fi kàwé. Kò kà á. Ìgbà tí ọmọ tẹ nǹkan ló ń kọ sílẹ̀. Bó bá tẹ ojú ewé kan ní aago méje, tó tún tẹ òmíràn ní aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì. Ó lè jẹ́ ìwé ló ń kà. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ní kó lọ pọn omi. Àwọn àfikún ètò kan wà tó máa sọ fún ọ pé lágbájá lo wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú méje lọ́sẹ̀ yìí. Àlàfo yẹn náà ni wọ́n fi ń fojú bù ú.

Bákan náà ni àmì pé ọmọ ti parí ẹ̀kọ́. Ọ̀nà méjì ni. O lè ní kí ètò náà fúnra rẹ̀ sàmì sí i bí ọmọ bá ti ṣe ohun tí o là sílẹ̀, tàbí kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ bọ́tìnì tí wọ́n kọ "Mark as done" sí. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni mo kọ́kọ́ lò, mo ní kó sàmì sí i bí ọmọ bá ti ṣí nóòtì. Mo dán an wò fúnra mi: mo ṣí i, mo pa á dé, kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì, mo ti gbọ́ ẹ̀kọ́ mi tán. Mo fi í sílẹ̀, mo mú bọ́tìnì.

Ẹ má gbàgbé bí àwa náà ṣe ń kàwé ní ilẹ̀ yìí. Ẹnì kan á wa nóòtì sórí fóònù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á fi ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́wàá lórí WhatsApp, àwọn mẹ́wàá á kà á lójú méjèèjì láìní dátà. Lójú àtẹ, ẹyọ ènìyàn kan ló kàwé lọ́jọ́ náà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Pupa, yẹ́lò, gírìnì

Mo kó iye ìgbà tí ọmọ kọ̀ọ̀kan tẹ nǹkan jáde sínú Excel, mo kùn ún. Gírìnì fún ẹni tó ń gbìyànjú, yẹ́lò fún ẹni tó ń fà sẹ́yìn, pupa fún ẹni tí a kò rí. Ó dára lójú bí aṣọ àǹkárá. Mo rò pé èmi ni mo kọ́kọ́ ronú rẹ̀. Lẹ́yìn tí gbogbo nǹkan ti ṣẹlẹ̀ tán ni mo wá kà nípa Yunifásítì Purdue ní ìpínlẹ̀ Indiana, l'Amẹ́ríkà, pé kí ọdún 2010 tó dé ni wọ́n ti ní èyí tí wọ́n pè ní Course Signals. Bí iná tó ń darí ọkọ̀ lójú títì ni wọ́n ṣe é: ètò náà á wo máàkì ọmọ, á wo bó ṣe ń wọlé, á wo bó ṣe ṣe dáadáa sí tẹ́lẹ̀, á wá tan iná pupa, yẹ́lò tàbí gírìnì fún un. Òkìkí rẹ̀ kàn. Wọ́n ní àwọn tó ṣe kọ́ọ̀sì méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó ní iná yìí kì í sábà fi yunifásítì sílẹ̀ bíi ti àwọn yòókù.

Ní 2013, Mike Caulfield àti Alfred Essa, àwọn méjì tó mọ̀ nípa ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ, wo ọ̀rọ̀ náà láti ìdí. Wọ́n ní, ẹ̀yin èèyàn, ṣé kì í ṣe ẹni tó ti pẹ́ ní yunifásítì ni yóò ráyè ṣe kọ́ọ̀sì púpọ̀? Ó dà bí ẹni tó ka iyán ọdún tí àwọn àgbà ìlú ti jẹ, tó wá kéde pé ẹni tó bá jẹ iyán ọdún ọgọ́rin ìgbà, yóò dàgbà. Pípẹ́ láyé ló jẹ́ kí bàbá jẹ iyán tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Èmi ò ní Caulfield kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni, orí mi ń wú, mo fi fóònù ya àwòrán àtẹ náà tòun ti orúkọ, mo sì gbé e sórí WhatsApp àwọn òbí SS2. Ọmọ mẹ́rin ló pupa. Ẹnì kan nínú wọn ni "Never" wà níwájú orúkọ rẹ̀. Lókè pátápátá, ọmọbìnrin kan wà tí iye rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ẹni tó tẹ̀ lé e. Mo kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé kí àwọn òbí tó kù jọ̀wọ́ fi ọmọ yìí ṣe àwòkọ́ṣe.

Ìwé nóòtì inú nylon dúdú

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ìlà ni, wọ́n ní ẹnì kan ń wá mi. Màmá kan ni, aṣọ ọjà ṣì wà lọ́rùn wọn, wọ́n so owó mọ́ etí ìró. Ata àti tòmátì ni wọ́n ń tà ní Bódìjà. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, mo gbé àga fún wọn.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jókòó."

"Káàárọ̀ o, Tíṣà. Mi ò wá jókòó. Ẹ̀yin lẹ fi ọmọ mi sí pupa?"

Mo ní, "Mà, kọ̀ǹpútà ló…"

"Ṣé kọ̀ǹpútà ló ń kọ́ ọmọ mi ni, àbí ẹ̀yin?"

Mi ò dáhùn. Wọ́n ní àwọn ò sí lórí Wasáàpù wa, fóònù onítọ́ọ̀ṣì ni tàwọn. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ tí ìsọ̀ wọn jọ kọjú síra ló gbé tiẹ̀ wá, tó fi hàn wọ́n níwájú oníbàárà, tó ń bi wọ́n pé ṣé ọmọ yìí ò lọ sí ilé-ìwé ni. Wọ́n sọ èyí láìpariwo. Wọ́n wá fa nylon dúdú kan yọ lábẹ́ apá, wọ́n tú u, ìwé nóòtì kan jáde, omi tòmátì ti rin ín létí kan.

"Ẹ kà á, Tíṣà. Èmi ò mọ̀ ọ́n kà."

Mo ṣí i. Nóòtì mi ni, èyí tí mo gbé sórí Moodle, láti orí dé ìdí, kì í ṣe èyí tí mo ń kọ sójú pátákó. Mo mọ̀ nítorí pé níbì kan mo ti tẹ "osmosis" ní "osmossis", tí mi ò rántí tún un ṣe. "Osmossis" náà ló wà nínú ìwé ọmọ yìí, ó fi rúlà fàlà sí i nídìí. Ó ya sẹ́ẹ̀lì igi àti sẹ́ẹ̀lì ẹranko, ìlà tó fi tọ́ka sí orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan gún bí okùn bíríkìlà. Lábẹ́ àkọlé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ó ya àpótí kékeré kan, ó sì kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sínú rẹ̀ pẹ̀lú bírò búlúù: Mark as done.

Mo ṣí ewé tó tẹ̀ lé e. Mark as done. Òmíràn. Mark as done. Ní ojú ewé méjì, "Done" nìkan ló wà nínú àpótí náà.

Ó pẹ́ kí ó tó yé mi. Alẹ́ ọjọ́ méjì-mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni ọmọ yìí ń lọ sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀, á jókòó ti fóònù ọ̀rẹ́ náà, á máa da gbogbo ohun tó bá rí lójú rẹ̀ kọ. Ó rí bọ́tìnì, ó rò pé ara ẹ̀kọ́ ni, ó kọ ọ́. Níbi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ti tẹ bọ́tìnì náà kó tó dé, "Done" ló bá níbẹ̀, ó kọ "Done". Ọ̀rẹ́ yìí sì ni ẹni tó wà lókè àtẹ, tí mo ní kí gbogbo ayé fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ẹni méjì ló ń jẹ́ ẹnì kan lórí àtẹ mi. Bí ọ̀kan bá kàwé tán, èkejì á tún ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ kó lè dà á kọ.

Mo ní, "Ẹ má bínú, mà."

"Mi ò bínú. Ẹ ṣáà bá mi pa á rẹ́ níbi tí gbogbo wọn ti rí i." Wọ́n gba ìwé wọn, wọ́n tún un wé. "Ata mi wà nínú oòrùn."

Òdo inú rẹ́jísítà

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú nípa rẹ́jísítà. Ẹni tó bá lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa mọ̀ ọ́n: ìlà àárọ̀ á dà sí apá kan, ìlà ọ̀sán á dà sí òdìkejì, àwọn méjèèjì á fẹ̀yìn ti ara wọn bí òrùlé. Ẹni tí kò wá, òdo. Lọ́jọ́ Ẹtì, tíṣà á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Sọ́fítíwíà tí mo ń yangàn rẹ̀ yìí, àbúrò rẹ́jísítà ni.

Tíṣà wa ní praimárì kẹrin, bí òdo méjì bá ti tẹ̀ léra níwájú orúkọ ọmọ, wọn kì í kọ ẹ̀kẹta kí wọ́n tó gbójú sókè bi wá pé, "Ta ló mọ ilé wọn?" Ẹni méjì á dìde, wọ́n á lọ. Wọ́n á padà wá sọ pé ibà ni, tàbí pé ìyá rẹ̀ bímọ, tàbí pé wọ́n ti kó lọ sí Ṣakí. Ìbéèrè ni òdo yẹn jẹ́ fún wọn. Èmi gba òdo tèmi lọ́wọ́ ẹ̀rọ, mo fi pupa kùn ún, mo pín in fún àwọn òbí.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń ta irú ètò báyìí máa ń lò ni "engagement". Mo ti wá Yorùbá rẹ̀ títí. Ìkópa kò gbé e, ìfọkànsí súnmọ́ ọn. Àwọn òbí wa ti sọ tiwọn ní ṣókí: ara rẹ̀ wà ní kíláàsì, ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ní 2004, àwọn onímọ̀ mẹ́ta l'Amẹ́ríkà, Fredricks, Blumenfeld àti Paris, tú u sí ọ̀nà mẹ́ta: ohun tí ọmọ ń ṣe, bó ṣe rí lára rẹ̀, àti bó ṣe ń fi ọpọlọ jà pẹ̀lú ẹ̀kọ́. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti àkọ́kọ́ nìkan ni Moodle lè fojú kàn, èyí tó bá ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀rọ nìkan sì ni. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Mo ti ń ka alángbá.

Síbẹ̀, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni ju sọ́fítíwíà nù. Nínú àwọn mẹ́ta tó kù tó pupa, ọmọkùnrin kan wà tí mi ò bá má kíyè sí láìsí àtẹ yẹn. Ọmọ tó máa ń rẹ́rìn-ín ni, ó máa ń nawọ́, mo rò pé nǹkan ń lọ dáadáa fún un. Mo bi í ní ìkọ̀kọ̀, ó ní ojú ń dun òun bí òun bá wo fóònù, òun ò sì lè ka ohun tó wà lójú pátákó dáadáa. Ó ti ní awò ojú báyìí. Òdo tó wà níwájú orúkọ rẹ̀ ló gbé mi débẹ̀.

Ohun tí mo yí padà

Mo pa àwòrán náà rẹ́, mo sì tọrọ àforíjì níbi tí mo gbé e sí, nítorí mi ò lè ṣẹ ọmọ níta kí n wá bẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀. Mo wá ka Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti 2023, èyí tó yẹ kí n ti kà kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ ìyọ̀ǹda ni a fẹ́ dúró lé láti lo dátà ọmọdé, òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ ni yóò fọwọ́ sí i. Mi ò bi òbí kankan rí. A ti tẹ lẹ́tà kan jáde báyìí, lédè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, tó sọ ohun tí a ń kọ sílẹ̀ nípa ọmọ wọn àti ẹni tó lè rí i.

Mo yọ gbogbo àwọ̀ kúrò nínú Excel. Dípò iye ìtẹ̀, mo fi ìbéèrè kan sí ìparí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan: kí ni kò yé ọ? Kò ní máàkì. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ju ìdajì wọn lọ tó kọ ọ́ pé àwọn ò mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín osmosis (bí omi ṣe ń gba awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá) àti diffusion (bí nǹkan ṣe ń tàn ká láti ibi tó ti pọ̀ lọ síbi tí kò ti pọ̀), ohun tí mo ti kọ́ wọn nígbà méjì tí mo sì rò pé mo ti ṣe tán. Mo lọ ra iṣu àti iyọ̀, mo rẹ iṣu tútù sínú omi iyọ̀, mo da ínkì sínú omi mìíràn, a tún un kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn wúlò fún mi ju gbogbo gírìnì tí mo kùn lọ.

Ọ̀gá wa ní kí a tún kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ṣe, a gbé e sí ìdí fèrèsé láìbúrárì, kí ẹni tí kò ní fóònù lè máa lò ó nígbà ìsinmi. Ọmọ aláta yìí ló kọ́kọ́ débẹ̀. Mo fún un ní orúkọ ìwọlé àti páàsìwọ́ọ̀dù rẹ̀, mo fi í sílẹ̀, mo lọ jẹun.

Nígbà tí mo padà dé sí déèsìkì mi, mo ṣí àkọsílẹ̀. "Never" ti lọ. Ọmọ náà wọlé ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin, aago Ìbàdàn gan-an ni o, ó sì tẹ "Mark as done" sí ẹ̀kọ́ 12 láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin, láìṣí ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn. Bó bá jẹ́ ọmọ mìíràn ni, ǹ bá sọ pé ó ń tan mí jẹ.

Mo bá a níwájú láìbúrárì, mo bi í pé ẹ̀kọ́ méjìlá yẹn ńkọ́.

Ó wolẹ̀, ó tún gbójú sókè. Ó ní, "Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi, sà. Ó kù kí n tẹ̀ ẹ́ ni."